Rẹ́tínà Inú Àwo: Kí Ni Àwọn Onímọ̀ Ń Wá Níbẹ̀?

Bí ọmọ bá ń kọsẹ̀ nígbàkúùgbà tí ilẹ̀ bá ṣú, tí ìríran rẹ̀ sì ń dín kù lọ́dọọdún, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé rẹ́tínà rẹ̀ ló ń kú díẹ̀díẹ̀. Rẹ́tínà ni awọ fẹ́lẹ́ ẹ̀yìn ẹyinjú tó ń gba ìmọ́lẹ̀, tó sì ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Púpọ̀ nínú irú àìsàn yìí, àjogúnbá ni. Ẹ̀yin òbí, ẹ má torí rẹ̀ nawọ́ sí ìyá àgbà kankan nínú ilé.

Dókítà kò lè gé rẹ́tínà alààyè lọ fi ṣe ìwádìí. Eku kò sì lè rọ́pò wa tán: kò ní fófíà, ibi kíún tí a fi ń kàwé, tí a fi ń dá ojú ara wa mọ̀.

Jàpáánì ni ọ̀nà ti là. Lọ́dún 2007, Shinya Yamanaka ní Kyoto fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì awọ ara ènìyàn ṣeé dá padà sí ipò tí yóò ti lè di ẹ̀yà ara mìíràn. Lọ́dún 2011, ẹgbẹ́ Yoshiki Sasai rí i pé sẹ́ẹ̀lì ọlẹ̀ eku tí wọ́n ń bọ́ nínú àwo ń kó ara rẹ̀ jọ bí ìbẹ̀rẹ̀ ẹyinjú. Lónìí, láti inú awọ tàbí ẹ̀jẹ̀ aláìsàn fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti ń mú rẹ́tínà kékeré jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní ọ́gánọ́ìdì.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi wá bóyá ẹ̀dá ni wọ́n ń dá, èsì wa ni pé rárá. Kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀, kò ní ọpọlọ tí yóò ránṣẹ́ sí. Ohun tí Ọlọ́hun ti kọ sínú sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń wò bó ṣe ń ṣẹlẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé ó jọ ojúlówó? Tí ẹ bá lọ ẹ̀wà, àgbàdo àti ọkà bàbà pọ̀, ẹ ò ní mọ èyí tí kòkòrò jẹ nínú wọn mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìwádìí àtijọ́ rí. Ní báyìí, wọ́n ń tú sẹ́ẹ̀lì ká, wọ́n ń ka àwọn jíìnì tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní Basel, lórílẹ̀-èdè Switzerland, ẹgbẹ́ Botond Roska ka sẹ́ẹ̀lì 285,441 láti inú ọ́gánọ́ìdì àti rẹ́tínà àgbàlagbà, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2020. Bí rẹ́tínà ọmọ inú oyún ṣe ń pẹ́ tó kó tó gbó ni ọ́gánọ́ìdì náà ń pẹ́ tó. Àmọ́ etí rẹ́tínà ló jọ, kò jọ fófíà. Wọ́n tún rí irú sẹ́ẹ̀lì tí àwọn jíìnì tó ń fa àìsàn ojú ti ń ṣiṣẹ́, èyí tí àwa kà sí èrè tó tóbi jù, torí ẹni tó fẹ́ wo àìsàn gbọ́dọ̀ mọ ibi tó fara pamọ́ sí.

Ìtọ́jú kọ́ nìyẹn o. Lọ́dún 2017, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà ròyìn obìnrin mẹ́ta tí ilé ìtọ́jú kan ní Florida gún ní abẹ́rẹ́ sẹ́ẹ̀lì sí ojú méjèèjì. Ìríran wọn bàjẹ́ gidigidi. Inú ọ̀rá ara wọn ni wọ́n ti fa sẹ́ẹ̀lì náà. Kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú rẹ́tínà.