Ẹyin Inú Òdòdó Kòkó, àti Bí Ó Ti Ń Di Kóró

Ẹ̀yin àgbẹ̀ kòkó, iye kóró tí ó wà nínú èso ni ó ń mú kí àpò wúwo, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgbà tí èso bá pọ́n ni a ń pín iye náà. Inú òdòdó ni a ti ń pín in. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i, kí ó já òdòdó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ là ní òwúrọ̀, kí ó fi abẹ mímú la ilé-ọmọ tí ó wà ní àárín rẹ̀, kí ó sì fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó. Yóò rí yàrá 5, àti nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, àwọn ohun funfun wínníwínní tí ó so mọ́ òpó àárín. Ìwọ̀nyí ni à ń pè ní ẹyin. Nígbà púpọ̀ àpapọ̀ wọn a máa wà láàrin 30 sí 60, èso kan kò sì lè ní kóró ju iye ẹyin rẹ̀ lọ, bí ó ti wù kí ilẹ̀ náà lọ́ràá tó.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ó rí bí ẹyin adìẹ tí ó dá wà. Okùn kúkúrú kan, bí okùn ìdodo ọmọ, ni ó so ó mọ́ òpó, ibẹ̀ ni oúnjẹ sì ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Awọ méjì ni ó bò ó. Àwọn awọ náà kò pa ẹnu dé tán. Wọ́n fi ihò kékeré kan sílẹ̀, èyí tí a ó pè ní ẹnu ẹyin. Lábẹ́ awọ ni ẹran rírọ̀ wà, inú ẹran náà ni àpò ọlẹ̀ sì wà. Ohun funfun dídùn tí àwọn ọmọdé ń lá lára kóró kòkó tútù, láti ara awọ òde yìí ni ó ti wá.

Kòkòrò kan tí ó jẹ́ ìbátan kantíkantí ni ó ń gbé lẹ́búlẹ́bú akọ wá sí orí abo. Hóró lẹ́búlẹ́bú kọ̀ọ̀kan a máa ta okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọ ilé-ọmọ lọ, a sì gba ẹnu ẹyin kan ṣoṣo wọlé. Ohun méjì ni ó ń gbé lọ: ọ̀kan ń di ọlẹ̀, èkejì ń di oúnjẹ ọlẹ̀. Nawaschin, ọ̀mọ̀wé ará Rọ́ṣíà, ni ó fi èyí hàn ní ọdún 1898. Ní ti kòkó, ọlẹ̀ a ti jẹ oúnjẹ yìí tán kí kóró tó gbó, a sì tọ́jú rẹ̀ sínú ara rẹ̀; ohun náà ni à ń sá tí a sì ń tà.

Ẹyin tí lẹ́búlẹ́bú kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ a rọ. Bí kò bá sì sí èyí tí ó dé rárá, òdòdó náà a já bọ́ ní ìwọ̀n ọjọ́ kan tàbí méjì. Nítorí náà, ẹ má ṣe gbá abẹ́ kòkó mọ́ bí àgbàlá ilé, nítorí inú ewé jíjẹrà àti kùkùté ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni kòkòrò yìí ń bí sí. (Èso tí ó ti dúdú, tí ó sì rà, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀, ẹ kó o kúrò.)

Gbogbo ẹyin kò dúró lọ́nà kan náà. Ti iyèré dúró ṣánṣán, ẹnu rẹ̀ wà lókè, ó kọjú sí òdìkejì okùn. Ti ẹ̀wà tẹ̀ kọdọrọ. Bí ẹ bá rẹ ẹ̀wà sínú omi mọ́jú, tí ẹ sì fún un, ẹ ó rí omi tí ó ń yọ ní ihò kékeré tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú igi àti ewéko tí ń tan òdòdó ni èyí tí ó dorí kodò, tí ẹnu rẹ̀ padà wá sí ẹ̀gbẹ́ okùn. Irú èyí ni ti lárà, irú rẹ̀ sì ni ti kòkó.

Ẹnu ẹyin ni gbòǹgbò àkọ́kọ́ ń kọjú sí. Nítorí náà, ìdí kóró kòkó tí ó so mọ́ òpó inú èso, èyí tí ó máa ń sanra jù, ni gbòǹgbò yóò ti yọ. Nígbà tí ẹ bá ń gbin kóró sí ibi ìtọ́jú ọmọ kòkó, ẹ jẹ́ kí ìdí náà wà nísàlẹ̀, tàbí kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ kóró lélẹ̀ pẹrẹsẹ. Bí ó bá wà lókè, gbòǹgbò yóò kọ́kọ́ yí po kí ó tó rí ilẹ̀ wọ̀, igi náà yóò sì wọ́ láti ìsàlẹ̀.