Mẹ́tílì Kan Péré: Iṣẹ́ Amúṣẹ́yá lára Ámáìnì

Ámáìnì ni orúkọ ẹbí àwọn kẹ́míkà tí náítírójìn wọn so mọ́ kábọ́ọ̀nù. Wọ́n pọ̀ nínú ara ẹ̀dá, wọ́n sì pọ̀ nínú oògùn. Mẹ́tílì ní tirẹ̀ kéré gan-an: kábọ́ọ̀nù kan àti háídírójìn mẹ́ta ni. Síbẹ̀, iye mẹ́tílì tó bá so mọ́ náítírójìn kan lè yí ìwà odidi oògùn padà. Náítírójìn ìpẹ̀kun imipramine, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, gbé mẹ́tílì méjì. Bí ọ̀kan bá kúrò, ó di desipramine, oògùn mìíràn tí ìṣesí rẹ̀ nínú ọpọlọ yàtọ̀. Ara ènìyàn pàápàá mọ ìyàtọ̀ yìí: mẹ́tílì kan ṣoṣo ni ó fi ń sọ noradrenaline di adrenaline.

Ohun tí ara ń ṣe láìsí ariwo yìí ti fún àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì ní iṣẹ́ púpọ̀. Methyl iodide ni wọ́n ti ń lò tipẹ́. Olóró ni, ìwọ̀n 42 Celsius péré ló sì ti ń hó. Àléébù rẹ̀ mìíràn ni pé kò mọ ìwọ̀n. Bí ámáìnì bá ti gba mẹ́tílì kan, náítírójìn rẹ̀ á túbọ̀ máa wá òmíràn, bí ọmọ tí ìtọ́wò ti ṣí lọ́fun. Ẹni tó ń wá mẹ́tílì kan á bá ọ̀kan, méjì àti mẹ́ta nínú ìgò kan náà. Ọ̀nà tí Eschweiler gbé jáde ní 1905, tí Clarke tún ṣe ní 1933, sàn jù ú lọ, nítorí kì í kọjá ibi tí náítírójìn ti di kábọ́ọ̀nù mẹ́ta mú. Ṣùgbọ́n ó ṣòro láti dá a dúró kí ó tó débẹ̀.

Ibi tí amúṣẹ́yá ti wúlò nìyí, ìyẹn ohun tó ń mú iṣẹ́ kẹ́míkà yá, tí kì í sì í bá iṣẹ́ náà run. Amúṣẹ́yá onírin, bíi ruthenium, iridium tàbí manganese, á gba háídírójìn méjì lọ́wọ́ methanol, methanol á sì di formaldehyde. Formaldehyde yìí á so mọ́ ámáìnì, omi á jáde, amúṣẹ́yá á wá dá háídírójìn tó gbà padà fún wọn. Abájọ tí wọ́n fi ń pè é ní yíyá háídírójìn. Omi nìkan ni pàǹtírí rẹ̀.

Kí ló wá ń dá a dúró sórí ọ̀kan? Kí ìsopọ̀ yẹn tó lè wáyé dáadáa, náítírójìn gbọ́dọ̀ ní háídírójìn méjì tí yóò fi sílẹ̀. Ámáìnì tó ti gba mẹ́tílì kan kò ní ju ẹyọ kan lọ mọ́, nítorí náà ìgbésẹ̀ kejì á falẹ̀. Lára aniline àti àwọn ìbátan rẹ̀, ìfalẹ̀ yìí sábà máa ń tó. Àwọn ámáìnì tí náítírójìn wọn kò so mọ́ òrùka benzene kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣì máa ń gba méjì.

Ní 2013, àwọn onímọ̀ ní Jámánì, Matthias Beller àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láàárín wọn, fi hàn pé carbon dioxide, afẹ́fẹ́ tí ènìyàn ń mí síta, lè di mẹ́tílì lára ámáìnì bí háídírójìn àti ruthenium bá wà níbẹ̀. Ruthenium wọ́n, àwọn aláṣẹ oògùn kì í sì í gbà kí àṣẹ́kù rẹ̀ pọ̀ nínú ohun tí aláìsàn yóò gbé mì. Manganese pọ̀ nínú ilẹ̀, kò sì wọ́n tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ooru tó ń béèrè sábà máa ń tó 100 Celsius tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ooru tí oògùn ẹlẹgẹ́ kan lè má lè fara dà.