Ọmọ wa ríṣẹ́ ní ilé oúnjẹ ní Faransé: èló ló ń wọlé, kí sì ni òfin sọ?



«Ọmọ mi ti ríṣẹ́ ní Faransé.» Bí ìyá kan bá sọ ọ̀rọ̀ yìí ládùúgbò, gbogbo èèyàn ló máa bá a yọ̀. Kó tó di ọjọ́ kẹta, ẹbí ti ń ka ohun tí ọmọ náà máa ṣe: owó ìwé àbúrò, páànù tí wọ́n máa fi bo ilé, owó òkú bàbá àgbà. Bẹ́ẹ̀, ọmọ yìí kò lọ síbẹ̀ torí iṣẹ́. Yunifásítì ló ń lọ. Iṣẹ́ tó sì rí, iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ ni, ní àwọn ilé oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní fast-food, bíi McDonald's, KFC tàbí Burger King.

Iṣẹ́ gidi ni, kì í ṣe iṣẹ́ ìtìjú. Ṣùgbọ́n ó ní òfin, ó ní ìṣirò, ó sì ní ewu. Ó yẹ kí àwa tá a wà nílé mọ̀ ọ́n.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń wá irú iṣẹ́ yìí?

Ìdí àkọ́kọ́ ni àkókò. Ọ̀sán, alẹ́, sátidé àti sọ́ńdè ni èrò máa ń pọ̀ jù ní àwọn ilé oúnjẹ wọ̀nyí, ìyẹn àkókò tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò sí ní kíláàsì. Ìdí kejì ni pé wọn kì í béèrè ìwé ẹ̀rí ńlá. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń dín frites, bí wọ́n ṣe ń to ẹran sínú búrẹ́dì, bí wọ́n ṣe ń gbowó ní caisse, bí wọ́n ṣe ń nu ilẹ̀. Ìdí kẹta wà nínú òfin: ní Faransé, iṣẹ́ tí kò kún kì í sábà dín ní wákàtí 24 lọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì pé ọmọ ọdún 26 lè gba iṣẹ́ tí wákàtí rẹ̀ kéré sí i.

Wákàtí 964, kò gbọdọ̀ kọjá

Ọmọ wa tó ní visa tàbí titre de séjour akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́ olóṣù. Ṣùgbọ́n wákàtí 964 ni òfin fún un lọ́dún, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn jẹ́ 60 nínú 100 iṣẹ́ ọdún kan. Tá a bá pín in, ó tó wákàtí 18 àti ààbọ̀ lọ́sẹ̀. Ó lè ṣiṣẹ́ púpọ̀ ní ìgbà ìsinmi, kó dín in kù ní ìgbà ìdánwò, kò burú, tí àpapọ̀ ọdún kò bá ti kọjá 964. Stage tí ilé ẹ̀kọ́ fi dandan lé kò sí nínú kíkà yìí.

Bí ọ̀gá bá ní «fi wákàtí mélòó kan kún un fún mi», wákàtí yẹn náà wà nínú 964. Ẹni tó bá kọjá rẹ̀, préfecture lè gba ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun mìíràn tó ń kó àwọn ọmọ wa sí wàhálà: ìwé akẹ́kọ̀ọ́ kò fún wọn láyè láti dá iṣẹ́ ara wọn sílẹ̀. Nítorí náà, gbígbé oúnjẹ kiri lórí kẹ̀kẹ́ gẹ́gẹ́ bí auto-entrepreneur kò sí nínú ẹ̀tọ́ wọn. Kí èèyàn wá lo orúkọ tàbí compte ẹlòmíì fi ṣiṣẹ́, ìyẹn burú jù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó

Ní ọdún 2025, owó tó kéré jù lọ tí òfin Faransé ní kí wọ́n san fún wákàtí kan, tí wọ́n ń pè ní SMIC, jẹ́ 11,88 euro. Lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ àwọn owó dandan kúrò, nǹkan bí 9,40 euro ló ń dé ọwọ́ òṣìṣẹ́. Ìyẹn tó 6 166 sẹ́fà.

Ibí yìí ni ẹbí ti ń ṣì í. SMIG wa ní Bẹ̀nẹ̀ jẹ́ 52 000 sẹ́fà lóṣù. A wá ń wò ó pé wákàtí mẹ́jọ àti ààbọ̀ péré, ọmọ yẹn ti gba owó oṣù kan tiwa. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ló ti ń náwó, kì í ṣe ọjà Kétu.

Wákàtí 964 lọ́dún jẹ́ nǹkan bí 80 lóṣù. 80 nígbà 9,40 jẹ́ 752 euro, ìyẹn nǹkan bí 493 000 sẹ́fà. Ẹ jẹ́ ká mú akẹ́kọ̀ọ́ kan tó rí yàrá kékeré ní CROUS, tó sì ń ṣọ́ owó ná:

- yàrá: 300 euro
- oúnjẹ: 200 euro
- ọkọ̀ àti fóònù: 60 euro
- owó yunifásítì, tó bá jẹ́ pé ó ń san iye tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún àwọn àjèjì ní licence, nǹkan bí 2 900 euro lọ́dún: ó lé ní 240 lóṣù

Àpapọ̀ ti kọjá 800 euro. Owó iṣẹ́ kò tó o, kò sì tíì ra aṣọ òtútù. Yunifásítì mìíràn máa ń dín owó yìí kù fún àwọn ọmọ wa, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn. Ẹni tó bá sì ń háyà yàrá ní Paris lọ́wọ́ onílé, yàrá nìkan lè gbé 700 euro lọ.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ bá sọ pé «Màmá, kò sówó lọ́wọ́ mi», kì í ṣe irọ́ ló ń pa.

Ewu tó tóbi jù: ẹ̀kọ́

Ẹni tí wọ́n bá fi sí fermeture, ìyẹn títi ilé oúnjẹ lálẹ́, kò parí iṣẹ́ nígbà tí oníbàárà ìkẹyìn bá lọ. Ó kù kó fọ ẹ̀rọ ìdíndín, kó nu ilẹ̀, kó da ìdọ̀tí nù. Ó lè ti kọjá aago méjìlá òru kó tó jáde. Bí ọkọ̀ bá ti tán, ẹsẹ̀ ni. Aago mẹ́jọ àárọ̀, olùkọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ara ń gbà á. Tó bá di oṣù mẹ́ta, ó ti ń pa kíláàsì jẹ.

Bẹ́ẹ̀, nígbà tí ìwé ìgbélùú bá fẹ́ parí, préfecture kò ní béèrè iye frites tó dín. Àbájáde ìdánwò àti wíwá sí kíláàsì ni wọ́n máa wò, láti mọ̀ bóyá ó ń kàwé lóòótọ́. Bí ìwé bá bọ́, iṣẹ́ náà bọ́ nìyẹn. Ẹni tó lé eku méjì, òfo ló máa ń mú bọ̀.

Ohun tí ọmọ lè ṣe

1. Bó bá débẹ̀ pẹ̀lú visa de long séjour, kó lọ valider rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí oṣù mẹ́ta tó pé.
2. Kó gba contrat àti bulletin de paie, kó sì tọ́jú gbogbo wọn. Kó má ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń sanwó sọ́wọ́ láìsí ìwé.
3. Kó ní ìwé kékeré kan tó ń kọ wákàtí rẹ̀ sí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.
4. Kó béèrè ní yunifásítì rẹ̀ bóyá ó lè gba régime spécial d'études, ètò tí wọ́n ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣiṣẹ́.
5. Kó sọ ọjọ́ ìdánwò fún ọ̀gá rẹ̀ ní kùtùkùtù, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún un.

Àwa ńkọ́?

Kí ọmọ tó lọ, Faransé ń béèrè ẹ̀rí pé ó ní ó kéré tán 615 euro fún oṣù kọ̀ọ̀kan. Fún ọdún kan, ìyẹn jẹ́ 7 380 euro, nǹkan bí 4 840 000 sẹ́fà. Ẹbí kan lè yá owó yìí kí wọ́n rí ìwé gbà, kí wọ́n sì dá a padà bí ọmọ bá ti lọ, pé «ó máa ríṣẹ́ níbẹ̀». Àtibẹ̀ ni ìyà ti ń bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ilé oúnjẹ lè ran owó ilé lọ́wọ́, kò lè rọ́pò rẹ̀.

Tá a bá pè é lórí WhatsApp, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè: «Kíláàsì ńkọ́? Ṣé o sùn?» Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ páànù dúró díẹ̀. Ìwé tó lọ gbà lókè òkun ló máa bo ilé náà lọ́jọ́ kan.