Àjọ Síkì Ní Ilẹ̀ Tí Kò Ní Yìnyín

Ọyẹ́ ni òtútù tí wọ́n mọ̀ ní Ayigya, àdúgbò tó fẹ̀gbẹ́ kan yunifásítì KNUST ní Kumasi. Tó bá mú láàárọ̀, súwẹ́tà á jáde. Kí oòrùn tó dé àtàrí, kálukú á ti bọ́ ọ kọ́ èjìká. Síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni Ghana ti kó eléré síkì lọ sí Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù, ó sì ní àjọ tó ń rí sí i.

Kí wá ni irú àjọ bẹ́ẹ̀ ń ṣe?

Iṣẹ́ ìwé ni. Ẹni tó bá fẹ́ de pátákó mọ́ ẹsẹ̀ kó gun òkè Alps fúnra rẹ̀, kó sì yọ̀ wálẹ̀ níbi tí ẹnì kankan kò la ọ̀nà sí, kò nílò ìbuwọ́lùwé àjọ kankan. Ṣọ́bìrì, ọ̀pá gígùn àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá ẹni tí yìnyín bò mọ́lẹ̀ ló nílò. Ti ìdíje kò rí bẹ́ẹ̀. FIS, àjọ àgbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1924, kì í gba eléré tí àjọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ kò bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ìyẹn ni pé bí ilé kò bá ní àjọ, ẹni tó fẹ́ sáré ni yóò kọ́kọ́ lọ dá a sílẹ̀.

Lamine Guèye ṣe é fún Senegal ní 1979. Nígbà tó fi máa di 1984, ó ti wà ní Sarajevo, aláwọ̀dúdú ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó díje síkì ní Òlíḿpíìkì.

Ti Ghana lárinrin jù. Glasgow ni wọ́n bí Kwame Nkrumah-Acheampong sí, Ghana ló dàgbà sí, abẹ́ òrùlé ló sì ti kọ́ síkì: gbọ̀ngàn ńlá kan ní Milton Keynes, níbi tó ti ń gbàlejò oníbàárà. Ó ti ń sún mọ́ ọgbọ̀n ọdún nígbà náà. Nínú síkì, máàkì tó kéré ló dára. Fún Òlíḿpíìkì 2010, ẹni tí tirẹ̀ bá ju 140 lọ, ilé ló máa jókòó sí. Ọwọ́ rẹ̀ kò tẹ Turin 2006, ṣùgbọ́n ó dé Whistler ní 2010 nínú aṣọ alámì àmọ̀tẹ́kùn. Èèyàn 102 ló bẹ̀rẹ̀ ìdíje slalom, síkì tí wọ́n fi ń yí gba àárín ọ̀pá, 48 péré ló parí, òun sì ṣe ìkẹtàdínláàádọ́ta. Àwọn tó fi í ṣẹ̀fẹ̀ kò sọ̀rọ̀ àwọn tó ṣubú lójú ọ̀nà.

Ọmọ Kumasi gan-an ni Akwasi Frimpong, bó tilẹ̀ jẹ́ pé skeleton ni tirẹ̀, eré tí wọ́n ti ń dojú bolẹ̀ sáré lórí yìnyín. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tó lọ sí Netherlands. Òun náà ló bẹ̀rẹ̀ àjọ tirẹ̀ fún Ghana, ó sì ṣe ìkẹyìn nínú àwọn 30 ní PyeongChang 2018. Kí Beijing 2022 tó dé, wọ́n ti fagi lé àyè tí wọ́n ń yà sọ́tọ̀ fún kọ́ńtínẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan. Kòrónà tún mú un nígbà tí ìdíje ìkẹyìn tó lè fi yege kù sí dẹ̀dẹ̀, kò sì rí Beijing lọ. Carlos Mäder, onísíkì ẹni ọdún 43 tí wọ́n bí ní Cape Coast tí tọkọtaya ará Switzerland sì gbà tọ́, nìkan ló gbé àsíá Ghana níbẹ̀. Kò parí ìsáré àkọ́kọ́.