Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Ta ló lè tún orúkọ yín ṣe lẹ́yìn gbèsè áàpù?

Ẹ̀yin ará Ìlọrà, ẹni tó bá ní kí ẹ san owó kí òun bá yín "fọ BVN" mọ́, òpùrọ́ ni. Àwọn ilé-iṣẹ́ CRC, FirstCentral àti CreditRegistry ló ń kọ ìtàn gbèsè wa sílẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ Báǹkì Àpapọ̀.

Gbèsè tí ẹ bá jẹ lóòótọ́, sísan ló kù. Ẹ sì gba ìwé pé ẹ ti san tán. Ṣùgbọ́n ká ní ẹ yá 20,000 náírà fi ra ẹ̀gẹ́ tí ẹ fẹ́ fi yan gàrí, ẹ san án, ó ṣì ń hàn pé ẹ jẹ ẹ́ ńkọ́? Ẹ fi rìsíìtì yín kọ̀wé sí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń kọ ìtàn gbèsè yìí. Òfin ọdún 2017 lórí ìtàn gbèsè fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n tún un ṣe, kò gba alágbàtà rárá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi OTP ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.