Nínú ìwé ìtàn amí, ta lèèyàn lè finú hàn?

Ìtàn Òrìṣà Olúfọ́n, ọba Ìfọ́n, sọ pé ó rí ẹṣin Ṣàngó tó sọnù, ó sì ń fà á bọ̀ wá fólówó. Àwọn ìránṣẹ́ ọba ò bi í léèrè. Wọ́n pè é lólè, ó sì ṣẹ̀wọ̀n ọdún méje.

Irú ìfura bẹ́ẹ̀ làwọn tó ń kọ ìtàn amí fi ń ṣiṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ni Graham Greene, òǹkọ̀wé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì, ní 1942, ìjọba rẹ̀ rán an wá ṣe amí ní Freetown, ní Sierra Leone. Nígbà tó padà sí London ní 1943, abẹ́ Kim Philby, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló ti ṣiṣẹ́. Àṣé Rọ́ṣíà ni Philby ń ṣiṣẹ́ fún! Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ní 1963, Philby sá lọ sí Moscow. Síbẹ̀, Greene ló kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí ìwé tí Philby gbé jáde ní 1968.

Ní 1978, Greene kọ The Human Factor. Castle, amí Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé náà, fẹ́ Sarah, obìnrin aláwọ̀ dúdú ọmọ South Africa. Kọ́múníìsì kan ló gba Sarah lọ́wọ́ ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Torí oore yẹn ni Castle ṣe ń tú àṣírí ìlú rẹ̀ fún Rọ́ṣíà.

Nínú ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Kọ́lá Akínlàdé, ọ̀daràn là ń wá. Níbí, a ti mọ̀ ọ́n. Ṣé ọ̀dàlẹ̀ ni, àbí ẹni tó moore? Òǹkàwé ni yóò dájọ́.