Bàtà kẹ̀kẹ́ tí yóò bá ẹsẹ̀ yín mu

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó fi Òkè-Ọya ṣe ilé, ọ̀pọ̀ àwọn àgbà wa ló ti padà sórí kẹ̀kẹ́ ológeere. Kì í ṣe torí pé epo mọ́tò wọ́n nìkan, dókítà ló ní kí wọ́n máa lo ara wọn. Ohun tó dára ni. Àmọ́ kẹ̀kẹ́ ni wọ́n máa ń ná gbogbo owó lé lórí. Tó bá kan bàtà, èyíkéyìí tó bá ti wọ ẹsẹ̀, wọ́n á ní ó ti tó.

Bàtà kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ẹgbẹ́ bàtà eré sísá. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ le koko, kì í ká, kí agbára ẹsẹ̀ lè wọ inú pẹ́dàlì tààrà. Bó bá ti há mọ́ yín lẹ́sẹ̀ lọ́jà, kò ní fẹ̀ sí i nílé. Ẹni tó ń sọ fún yín pé yóò là tó bá yá, owó yín ló ń wá.

Ilé iṣẹ́ Look ti ilẹ̀ Faransé gbé pẹ́dàlì tó ń di bàtà mú jáde ní 1984, òun sì ni Bernard Hinault lò tó fi gba ife Tour de France ní 1985. Ihò mẹ́ta ló wà nísàlẹ̀ bàtà irú èyí. Ní 1990 ni Shimano ti Japan gbé oníhò méjì jáde, tí irin rẹ̀ kéré, tó sì sá pamọ́ sínú ìsàlẹ̀ bàtà. Oníhò méjì yìí ni mo fara mọ́ fún wa, nítorí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti ra àkàrà kò gbọdọ̀ máa yọ̀ gẹ̀rẹ̀ kiri ojú títì. Bí pẹ́dàlì yín bá sì jẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ má wulẹ̀ ra onírin rárá. Bàtà kànfáàsì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ le ti tó.

Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ wọn ẹsẹ̀ yín, torí ó máa ń wú díẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, pàápàá nínú ooru oṣù kẹta àti ìkẹrin níhìn-ín. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀, ẹ fi gìgísẹ̀ ti ògiri, ẹ dúró lórí páálí, kí ẹnì kan fa ìlà síwájú ọmọ ìka tó gùn jù. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni kí ẹ wọ̀n, èyí tó tóbi jù ni kí ẹ fi ra bàtà. Sẹ̀ǹtímítà ni kí ẹ dì mú. Nọ́ńbà kan sí èkejì lára bàtà Yúróòpù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílímítà 7, ti Gẹ̀ẹ́sì sì lé ní 8, ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà fi máa ń tan ènìyàn.

Ẹ wo ìbú náà. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ lásán dàgbà, iwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń fẹ̀. Shimano ní èyí tó fẹ̀, Sidi ti Ítálì náà ní tirẹ̀ tó ń pè ní Mega. Ẹ má torí ìbú ra èyí tó gùn jù, gìgísẹ̀ yín á máa yọ sókè.

Bó bá jẹ́ òkìrìkà, tí àwọn ará ibí ń pè ní gwanjo, ẹ mú sikúrúù dání lọ kí ẹ fi dán ihò rẹ̀ wò bóyá ó ti dípẹtà. Ẹ tẹ etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bóyá gọ́ọ̀mù ti ń ṣí. Kí ẹ tó dá owó lé e ni o.

Àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù lọ. Àìsàn náà lè pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀, débi pé bàtà á bó wọn lára tí wọn kò ní mọ̀, egbò kékeré á sì di ohun tí wọ́n ń torí rẹ̀ gé ẹsẹ̀. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé pé kò dùn yín. Ẹ yọ ohun tí wọ́n tẹ́ sínú bàtà, ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ dúró lé e lórí: bí ẹsẹ̀ yín bá yọ sí ẹ̀gbẹ́, bàtà náà ti kéré. Ẹ ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ẹ fi dígí wo àtẹ́lẹsẹ̀ yín. Bí ẹ bá rí egbò tàbí ojú ibi tó léròrò, ọsibítù ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà, ẹ má dúró ní kẹ́mísì.